Àwẹ̀ró Onígbá àti Eré Agbè

Orí àpáta ni wọ́n tẹ ìlú Òkè-Ìrì dó sí, ìrì ibẹ̀ kì í sì í ṣe ìrì lásán. Bí ọ̀yẹ̀ bá ti ń là, kùrukùru funfun á ti àfonífojì gòkè wá, á bo ọgbà, á bo òrùlé, débi pé ohùn ènìyàn ni wọn á kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú rẹ̀ tó yọ. Ẹni tó bá jí lọ sóko lásìkò náà á máa rìn bí ẹni tó ṣì ń lá àlá. Nínú ìlú yìí ni obìnrin kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró Onígbá.

Igbá ni òwò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbìn ín, òun ló ń ká a, òun ló ń rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ á fi rà, tí á ha á mọ́, tí á sì sá a gbẹ. Ọ̀dẹ́wálé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni í fín in lọ́nà. Akèǹgbè ẹlẹ́mu, ahá ìmumi, agbè ọlọ́rùn gígùn tí àwọn obìnrin fi ń pọnmi, kò sí èyí tí ènìyàn fẹ́ tí kò ní rí ní ìsọ̀ Àwẹ̀ró. Àwọn oníbàárà ń rin ìrìn ọjọ́ méjì wá bá a, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò jẹ́ ta igbá tó sán fún ẹnikẹ́ni. Kó tó gbé igbá lé ọ lọ́wọ́, á kọ́kọ́ dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wá a lára yí ká, díẹ̀díẹ̀, bóyá ibì kan wà tó ti là. Ó rí jẹ, ó rí mu, ó sì lórúkọ rere. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kò sì lò ju ọdún mẹ́fà lọ láyé.

Ìrì kì í pa òùngbẹ. Ìsun omi kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agbègbè náà, ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, láàárín Òkè-Ìrì àti ìlú kejì tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pọ̀tọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi ìsun náà á dín kù, á máa kán tó, tó, tó. Ìlú tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ á pọn omi tó mọ́ lóló. Ìlú tó bá dé kẹ́yìn á pọn ẹrẹ̀. Láyé àwọn baba ńlá wọn, àdá ni wọ́n fi ń yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Nígbà tí òkú sùn, tí àwọn àgbà ìlú méjèèjì rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò ṣe é mu, wọ́n fi eré ìje rọ́pò ìjà. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti wọlé, ìlú kọ̀ọ̀kan á mú ọmọbìnrin kan jáde. Àwọn méjèèjì á bu omi kún agbè nídìí ìsun, wọn á gbé e rù, wọn á sì sáré gun òkè lọ sábẹ́ igi ọdán kan tó wà lórí pápá. Ìkòkò méjì á ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà sí lára. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da omi tirẹ̀ sínú ìkòkò, tí omi náà sì kan ìlà, ìlú rẹ̀ ni yóò máa kọ́kọ́ pọnmi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Eré Agbè ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Òkè-Ìrì ti ń pọn ẹrẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, oorun kò tíì dá lójú rẹ̀ tán. Ó rí ọmọbìnrin kan tó ń sáré bọ̀ nínú kùrukùru, ìkòkò omi lórí rẹ̀. Kò rí ẹsẹ̀ ọmọ náà, kùrukùru ti bò ó dé orúnkún. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fò bọ̀. Àwẹ̀ró rò pé àlá lòun ń lá. Ìgbà tí ọmọ náà dé tòsí tó gbọ́ bó ṣe ń mí ló tó mọ̀ pé ènìyàn ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ bọ̀?"

Ọmọbìnrin náà dúró, ó kúnlẹ̀ tòun ti ẹrù lórí. Ẹ̀kán omi kan kò ta sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Onígbá. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ó kàn ń wù mí kí n sáré ni."

"Tòun ti omi lórí?"

"Bí mo bá ń rọra mí, omi náà á máa rọra mí, Ìyá. Kì í dà."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ìbídùn ni mí, ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ."

Àwẹ̀ró wò ó títí. Ká ní ọmọ tirẹ̀ wà láyé ni, ẹgbẹ́ Ìbídùn ni ì bá jẹ́. Kò ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé Baálẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Eré Agbè ọdún yìí di tèmi. Ẹ bá mi pe àwọn ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ wọn yá nílùú yìí jọ. Oúnjẹ wọn, agbè wọn, ìpara wọn, ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn mi ni kí ẹ kó o sí."

Baálẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́. "Àwẹ̀ró, oníṣòwò ni ọ́. Kí lo fẹ́ gbà padà?"

"Mo fẹ́ máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń sáré, Bàbá."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ ṣe é. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò ní ju ọjà méjì lọ tí nǹkan ọ̀hún yóò fi sú u.

Kò sú u. Ọmọbìnrin méjìlá ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní agbè tuntun tó bá ọrùn rẹ̀ mu. Ó bẹ àwọn ọkùnrin lọ́wẹ̀, ó bọ́ wọn yó, wọ́n sì ṣa òkúta kúrò lójú ọ̀nà òkè náà, láti ìdí ìsun títí dé ẹ̀bá pápá. Láàárọ̀ kùtù, á ti dáná sí ẹ̀bá ọ̀nà, á ti po ẹ̀kọ gbígbóná, ọ̀lẹ̀ á ti jinná nínú ewé. Bí àwọn ọmọ náà bá sáré dé, wọn á mu ẹ̀kọ, òun á sì máa fi òrí ra wọ́n lẹ́sẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, á máa bá wọn ṣẹ̀fẹ̀.

"Àbọ̀kẹ́, o ń sáré bí ẹni tó gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná!"

Àwọn ọmọ náà á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn á máa yí lọ nínú kùrukùru, àpáta á sì dá a padà fún wọn.

Ohun tó dùn mọ́ Àwẹ̀ró jù ni àkókò tí wọn kò tíì yọ, nígbà tí ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ń bọ̀ nínú funfun náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Á dijú, á máa ka àwọn tó ń bọ̀. Méjìlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n láwọn àárọ̀ mìíràn, bó bá kà wọ́n tán, wọn á di mẹ́tàlá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Á kàn bu ẹ̀kọ kan sí i, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó máa tutù.

Nígbà tó yá, Ọ̀dẹ́wálé kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó wá bá a níbi tó ti ń ha igbá lẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àwọn oníbàárà wa láti ìsàlẹ̀ odò dé lánàá, wọ́n dúró dúró, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jà tó kọjá. Igbá là ń tà nínú ilé yìí, a kì í ta eré."

"Òótọ́ lo sọ," ni Àwẹ̀ró wí, kò gbójú sókè. "Igbá tí a ń tà, kí ni wọ́n ń rà á fún?"

"Kí wọ́n lè fi bu omi."

"Bí kò bá wá sí omi tí wọ́n máa bù ńkọ́?"

Ọ̀dẹ́wálé jókòó tì í, ó mú ọ̀bẹ ìfíngbá rẹ̀ jáde, ó sì ń báṣẹ́ lọ.

Ní ọdún náà, ìtàkùn kan hù lẹ́yìn ilé Àwẹ̀ró níbi tí kò gbin nǹkan kan sí. Èso kan ṣoṣo ló so, agbè ńlá kan ni. Nígbà tó gbó tí wọ́n ká a, tí Àwẹ̀ró rẹ ẹ́ tó sì ha á, ẹnu yà á. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, síbẹ̀ ó le bí eegun. Omi ìkòkò kan ń wọnú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbé e lófìfo á rò pé ìyẹ́ lòun gbé. Láti ìgbà tó ti ń ṣòwò, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó so ó rọ̀ sókè àdògán kí èéfín lè gbó o dáadáa, Ọ̀dẹ́wálé sì fi ọ̀sẹ̀ méjì fín ẹ̀kán ìrì sí i lára, kéékèèkéé, láti ọrùn dé ìdí. Òkìkí agbè náà kàn. Ìránṣẹ́ ọba kan láti ìlú òkèèrè wá, ó ní kí Àwẹ̀ró dárúkọ ohunkóhun tó bá fẹ́, ààfin ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

"Ẹ bá mi kí Kábíyèsí," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ẹ ní mo kúnlẹ̀ tán, mo tún wólẹ̀. Agbè yìí ti ní ẹni tó ni ín."

Àwọn ará ìlú ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí Baálẹ̀ àti àwọn àgbà yan Ìbídùn láti sáré fún Òkè-Ìrì, Àwẹ̀ró gbé agbè náà sọ̀kalẹ̀ láti inú èéfín, ó fi aṣọ nù ún, ó sì gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ìbídùn gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún un.

Ọjọ́ eré pé. Ọyẹ́ ti mú, kùrukùru sì nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìlú méjèèjì péjọ sábẹ́ igi ọdán, gbogbo wọn ń wo funfun lásán. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọdẹ kan fọn fèrè pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Àwẹ̀ró dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò Òkè-Ìrì, ó dijú, ó ń tẹ́tí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ti ọ̀kan ń dún gbì, gbì, gbì. Ti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀.

"Ìbídùn ló wà níwájú," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Kò pẹ́, ọrùn agbè yọ nínú kùrukùru bí ọrùn ẹyẹ lékeléke, lẹ́yìn náà ni ojú Ìbídùn yọ. Ojú rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ là díẹ̀, ó ń rọra mí, omi tó wà lórí rẹ̀ sì ń rọra mí. Arínpé, ọmọbìnrin tó ń sáré fún Ìsàlẹ̀-Ọ̀pọ̀tọ́, wà lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ẹsẹ̀. Òkè-Ìrì hó yèè. Àwọn arúgbó tí wọ́n fi ọ̀pá rìn débẹ̀ ju ọ̀pá nù. Ó ku àpáta pẹrẹsẹ kan ṣoṣo kí Ìbídùn tó dé ibi ìkòkò. Ìrì ti sẹ̀ sórí àpáta náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

Lójú Àwẹ̀ró, ohun gbogbo falẹ̀. Ó rí agbè náà tó gbéra kúrò lórí ọmọ náà, tó ń yí lófuurufú, tí omi ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí aṣọ àlà tí wọ́n ń tú ká. Ó dà bí ẹni pé kò ní balẹ̀ mọ́ láé. Lẹ́yìn náà ó balẹ̀, ó sì fọ́ yángá. Orí Ìbídùn gbá àpáta, ọmọ náà kò sì mira mọ́.

"Omi o!" ni ẹnì kan ké. "Omi ti dànù o!"

"Ọdún kẹwàá rèé! Ẹrẹ̀ la tún máa mu!"

Àwọn ọkùnrin ká ọwọ́ lérí. Àwọn kan sáré lọ síbi tí omi náà ti ń ṣàn lọ lójú àpáta, wọ́n nawọ́ sí i bí ẹni pé ó ṣe é kó jọ. Arínpé kọjá lára wọn, ó da omi tirẹ̀ sínú ìkòkò, ó kan ìlà. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀pọ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ẹni tó wà nílẹ̀, ariwo náà kú sí wọn lẹ́nu.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró kò ti sáré mọ́. Ó sáré lọ́jọ́ náà. Ó kọjá lórí àfọ́kù agbè rẹ̀, kò wò ó. Ó jókòó sórí àpáta tútù, ó gbé orí Ìbídùn lé itan rẹ̀.

"Ìbídùn! Ìbídùn o! Dá mi lóhùn, ìyá mi. Má ṣe é, má ṣe é fún mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ọmọ náà kò dáhùn. Ẹnì kan kúnlẹ̀ tì wọ́n. Arínpé ni, ó gbé agbè tirẹ̀ dání. Ó da ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sí ọwọ́, ó fi bọ́ ojú Ìbídùn, ó tún bọ́ ọ. Nígbà tó ṣe, ìpéǹpéjú Ìbídùn gbọ̀n. Ó lajú.

"Ìyá, omi ńkọ́?"

"Ó dànù."

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. "Agbè yín ńkọ́? Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ó fọ́."

Àwẹ̀ró dijú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wá orí ọmọ náà yí ká, iwájú orí, ìpàkọ́, ẹ̀yìn etí, ó sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, ó dé èjìká, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní ìsọ̀ kó tó gbé ọjà fún oníbàárà. Gbogbo pápá ń wò ó. Nígbà tó lajú, ara rẹ̀ ti balẹ̀.

"Omi ló dànù," ó ní. "Agbè kò fọ́."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Àfọ́kù agbè náà wà nílẹ̀ níbẹ̀, tòun ti ẹ̀kán ìrì tí wọ́n fín sí i lára. Ọ̀dẹ́wálé rò pé ìbànújẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n òun lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó rọra sọ̀rọ̀, "ó fọ́ o. Òun ló wà nílẹ̀ yìí."

"Ọ̀dẹ́wálé, ta lo rò pé mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?" Àwẹ̀ró kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́. "Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ló hù ú, ilẹ̀ lè hu òmíràn. Èyí tó wà lórí itan mi yìí, oko ta ni mo ti fẹ́ lọ ká irú rẹ̀? Omi ló dànù. Bí agbè yìí kò bá ti fọ́, a ó tún pọn òmíràn."

Baálẹ̀, tó ti dìde tìbínú-tìbínú, jókòó padà. Àwọn tó ń ké lórí omi tó ń ṣàn lọ wò ó, ojú tì wọ́n. Bàbá Alágbẹ̀dẹ já àwọn ènìyàn kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà kò rọrùn. Òkè-Ìrì pọn ẹrẹ̀, wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n dúró kó tòrò kí wọ́n tó lè fi se oúnjẹ. Àwọn kan ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ìbídùn kò jáde nílé, ó ń tijú. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn eré, àwọn tó ń lọ sóko rí iná lẹ́bàá ọ̀nà. Àwẹ̀ró ti po ẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó wá. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mẹ́rin wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Ìbídùn yọ nínú kùrukùru, ó fi gèlè di orí rẹ̀ tó ń dùn ún. Kò sáré. Ó jókòó ti Àwẹ̀ró, ó gba ẹ̀kọ, ó ń mu ún, àwọn méjèèjì sì jọ ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀.

Bóyá Òkè-Ìrì borí ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn tó sọ ìtàn yìí fún wa kò fẹnu kò. Àwọn kan ní wọ́n borí, àwọn kan ní ó tó ọdún mẹ́ta. Ohun tí gbogbo wọn jọ sọ ni pé títí Àwẹ̀ró fi di arúgbó, kò sí àárọ̀ tí ẹ̀kọ gbígbóná kò sí lẹ́bàá ọ̀nà yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ sáré.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Ìbídùn ti lọ sílé ọkọ nígbà tí ìròyìn dé pé oyún bàjẹ́ mọ́ Arínpé lára ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pọ̀tọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ òkè lọ bá a. Ó bá ilé kún fún ẹkún. "Ọmọ ti lọ, ọmọ ti lọ," ni wọ́n ń wí, kò sì sẹ́ni tó ń wo ìyá ọmọ tó ká jọ sórí ẹní, tí ètè rẹ̀ gbẹ. Ìbídùn jókòó tì í, ó fún un lómi mu, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Arínpé," ó ní, "omi ló dànù. Agbè kò fọ́."

Arínpé tẹjú mọ́ ọn. Òun náà wà lórí àpáta lọ́jọ́ tí Ìbídùn ṣubú. Ó gbé orí lé èjìká Ìbídùn, ó sì sun ẹkún tí kò tíì lè sun láti òwúrọ̀. Àwọn obìnrin ilé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n dákẹ́, wọ́n yí ojú sọ́dọ̀ ẹni tó wà láàyè. Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde lọ gbé omi kaná.

Láti ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ìgboro. Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ fún un. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bómi lọ, tí òun wẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó rìn jìnnà ju àwọn oníbàárà igbá lọ. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan tó wá ra ahá ní ìsọ̀ Àwẹ̀ró sọ ọ́ fún un bí ẹni pé ìlú tirẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì fi ahá kan ta á lọ́rẹ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé omi ló dànù, agbè kò fọ́.